Abẹ́rẹ́ Ọwọ́ Ẹni àti Ẹ̀rọ Tó Ń Ṣírò Fúnra Rẹ̀

Ọ̀pọ̀ oògùn ni dókítà máa ń kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí aláìsàn yóò sì máa lò ó bẹ́ẹ̀ lọ: ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́. Ínsúlínì, oògùn tó ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, kò gba bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n tó ṣe ọmọdé kan lóore lánàá lè fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á lónìí, kìkì nítorí pé kò jẹun tán, tàbí pé ó gbá bọ́ọ̀lù títí ilẹ̀ fi ṣú. Bí ibà bá sì dé, ara lè béèrè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ dáadáa, kódà bí ọmọ náà kò bá fi nǹkan púpọ̀ sẹ́nu. Ẹni tó bá ń fi ínsúlínì gbé ẹ̀mí ró kò lè bọ́ lọ́wọ́ ìbéèrè kan: mélòó ni kí n gbà báyìí? Láàárọ̀, lọ́sàn-án, lóru, títí ayé. Ìpinnu yẹn gan-an ni mo fẹ́ gbé sórí ìwọ̀n níbí. Ṣé ọwọ́ aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ ló yẹ kó wà, pẹ̀lú mítà àti abẹ́rẹ́, àbí kí a fi í lé ẹ̀rọ lọ́wọ́, èyí tó ń wo ṣúgà inú ara nígbà gbogbo, tó sì ń fún ara ní ínsúlínì láìdúró de ẹnikẹ́ni?

Àtọ̀gbẹ oríṣi kìn-ín-ní ni mò ń sọ̀rọ̀ bá jù lọ. Nínú rẹ̀, àwọn ọmọ ogun ara ló ń kọjú ìjà sí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe ínsúlínì nínú páńkíríásì, ẹ̀yà ara kan tó wà lẹ́yìn àpòlúkù, tí wọ́n á sì pa wọ́n run. Ṣúgà jíjẹ kọ́ ló fà á, àìbìkítà òbí kọ́, àsàsí sì kọ́. Ṣáájú ọdún 1922, ọmọ tó bá ní in kì í pẹ́ láyé. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún náà, ní Toronto ní Canada, ni wọ́n fún Leonard Thompson, ọmọ ọdún 14, ní oògùn tí Frederick Banting, Charles Best, James Collip àti John Macleod ti ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ kò ṣe tó bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn tí Collip tún oògùn náà sẹ́ ni èyí tí wọ́n fún un ní ọjọ́ 23 mú ṣúgà rẹ̀ wálẹ̀. Ọmọ yè. Àtìgbà yẹn náà ni ìṣirò ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ọ̀nà ọlọ́wọ́. Aláìsàn á gún ìka, á kán ẹ̀jẹ̀ sórí sítírípù, mítà á sì gbé nọ́ńbà jáde. Yóò wo nọ́ńbà yẹn, yóò wo oúnjẹ tó wà níwájú rẹ̀, yóò rántí iṣẹ́ tó ti ṣe àti èyí tó kù tí yóò ṣe, lẹ́yìn náà ni yóò fa ínsúlínì sínú síríńjì, tàbí kó yí ìdí kálámù ínsúlínì dé iye tó fẹ́. Ẹni tó bá ní oríṣi ínsúlínì méjì lọ́wọ́ á máa gba èyí tó ń ṣiṣẹ́ pẹ́ lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, á sì máa gba èyí tó ń yára ṣiṣẹ́ nígbà oúnjẹ. Nílé ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Nàìjíríà, àdàlù bíi Mixtard ni wọ́n ń lò, láàárọ̀ àti lálẹ́. Àdàlù yẹn rọrùn láti kọ́, ṣùgbọ́n ó ń pàṣẹ fún ẹnu: ẹni tó bá ti gbà á gbọ́dọ̀ jẹun lákòókò, ebi ì báà máa pa á tàbí kó má pa á.

Ọ̀nà kejì ni ẹ̀rọ tó ń ṣírò fúnra rẹ̀, tí n ó máa pè ní ẹ̀rọ alásopọ̀. Ó ní ojú, ó ní ọwọ́, ó sì ní ọpọlọ láàárín wọn. Ojú rẹ̀ ni sẹ́nsọ̀, ohun kékeré kan tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn apá tàbí ikùn, tí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ láti ara rẹ̀ máa ń wọ abẹ́ awọ. Ó lè wà níbẹ̀ fún ọjọ́ 10 sí 14 kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni pọ́ǹpù, tó gba ínsúlínì sínú, tó sì ń kán an sábẹ́ awọ díẹ̀díẹ̀ tọ̀sán tòru. Ọpọlọ rẹ̀ ni ètò ìṣirò tó wà nínú pọ́ǹpù fúnra rẹ̀ tàbí nínú fóònù. Sẹ́nsọ̀ á fi ohun tó rí ránṣẹ́ láìsí wáyà, ètò á ṣírò ibi tí ṣúgà ń lọ, á sì ní kí pọ́ǹpù fi kún un, kó dín in kù, tàbí kó dáwọ́ dúró.

Èrò náà kì í ṣe tuntun. Láàárín ọdún 1970 sí 1980 ni wọ́n ti ṣe Biostator, tó ń wo ṣúgà, tó sì ń fúnni ní ínsúlínì, ṣùgbọ́n ó tóbi débi pé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn nílé ìwòsàn ló máa ń wà, ẹni tí wọ́n bá so mọ́ ọn kò sì lè rìn lọ síbì kankan. Èyí tí ènìyàn lè wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ kò rí àṣẹ gbà lọ́dọ̀ FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn àti ẹ̀rọ ìtọ́jú ní Amẹ́ríkà, títí di oṣù kẹsàn-án ọdún 2016. Orúkọ rẹ̀ ni MiniMed 670G, ti ilé iṣẹ́ Medtronic. Control-IQ ti Tandem tẹ̀ lé e ní 2019, Omnipod 5 dé ní 2022, iLet sì dé ní 2023.

Níbi rírí ni kí a ti bẹ̀rẹ̀ àfiwé. Ẹni tó ń gún ìka lẹ́ẹ̀mẹrin lóòjọ́ ti ṣe gudugudu méje, torí ìka ń dunni, sítírípù sì gbówó lórí. Síbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin péré ló rí ṣúgà rẹ̀. Sẹ́nsọ̀ tó ń kà á ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún rí i nígbà 288. Ohun tó tún ju iye lọ ni pé ó mọ ibi tí ṣúgà dojú kọ. Bí mítà bá sọ pé 110 mg/dL ni, ọkàn ènìyàn á balẹ̀. Ṣùgbọ́n 110 tó ń gòkè lẹ́yìn oúnjẹ àti 110 tó ń já wálẹ̀ lẹ́yìn eré ìdárayá yàtọ̀ síra pátápátá: ọ̀kan lè béèrè ínsúlínì, èkejì ń béèrè ohun dídùn kíákíá. Mítà kò mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ọfà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà sẹ́nsọ̀ ló ń fi ìyàtọ̀ náà hàn.

Kí a má bu iyì kún ojú yìí ju bó ṣe tọ́ lọ, ṣá. Sẹ́nsọ̀ kì í ka ẹ̀jẹ̀ rárá. Omi tó wà láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì abẹ́ awọ ló ń kà, ṣúgà inú omi yẹn sì máa ń tẹ̀lé ti ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú ìdádúró ìṣẹ́jú díẹ̀. Nígbà tí ṣúgà bá ń sáré wálẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn ṣe pàtàkì. Bí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá sì fi ara lé e nígbà tó ń sùn, ó lè parọ́ pé ṣúgà ti lọ sílẹ̀ nígbà tí kò lọ. Nítorí náà, kò sí ilé tó ní sẹ́nsọ̀ tó yẹ kó da mítà nù. Bí ohun tí ara ń sọ àti ohun tí sẹ́nsọ̀ ń sọ kò bá bá ara mu, ìka ni kí a gún.

Lóru ni ìyàtọ̀ náà ti hàn jù, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ dúró pẹ́ díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ẹ̀rù àwọn òbí wà. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ń pè ní DCCT tẹ̀lé ènìyàn 1,441 ní Amẹ́ríkà àti Canada láti 1983 sí 1993. Òun ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ẹni tó bá kó ṣúgà rẹ̀ níjàánu ń dáàbò bo ojú, kíndìnrín àti iṣan ìmọ̀lára rẹ̀. Ìwádìí kan náà ló fi hàn pé láàárín àwọn tó ń ṣọ́ ṣúgà wọn lójú méjèèjì, iye ìgbà tí ṣúgà já wálẹ̀ débi tí wọ́n fi nílò ìrànlọ́wọ́ ẹlòmíràn di bí ìlọ́po mẹ́ta. Ibi tí ọ̀nà ọlọ́wọ́ há ènìyàn mọ́ nìyẹn. Bí o bá fi ṣúgà sílẹ̀ kó ga, yóò máa jẹ ẹ̀yà ara ní wúyẹ́wúyẹ́. Bí o bá fa ìjánu le, ó lè já wálẹ̀ lójijì, kí ara máa gbọ̀n, kí òógùn bo ènìyàn, kí ó dákú, tàbí kí gìrì mú un.

Ẹni tó gba ínsúlínì tó ń ṣiṣẹ́ pẹ́ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti ṣe ìpinnu tí kò lè yí padà títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Abẹ́rẹ́ tó ti wọlé kò ṣeé fà jáde. Bí ọmọ náà bá ti sáré púpọ̀ lọ́sàn-án, tí ara rẹ̀ wá ń gba ṣúgà mọ́ra kíákíá ní aago méjì òru, ínsúlínì yẹn kò mọ̀, kò sì ní dẹwọ́. Ìyá tó bá mọ èyí kì í sùn. Yóò dìde ní òru, yóò tan iná, yóò gún ìka ọmọ tó ń sùn. Òbí mìíràn á mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ṣúgà ọmọ ga kó tó sùn, kó má bàa kú kí ilẹ̀ tó mọ́. N kò lè dá irú òbí bẹ́ẹ̀ lẹ́bi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú àti kíndìnrín ọmọ náà ló ń san gbèsè oorun yẹn.

Ẹ wá wo ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe ní aago méjì òru kan náà. Kí a mú Control-IQ gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Ó ń ṣírò ibi tí ṣúgà yóò wà ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí i. Bí ó bá rí i pé yóò lọ sísàlẹ̀ 112.5 mg/dL, á bẹ̀rẹ̀ sí í dín ínsúlínì kù. Bí ó bá rí i pé yóò lọ sísàlẹ̀ 70, á dá a dúró pátápátá. Bí ó bá rí i pé yóò ga ju 160 lọ, á fi kún un. Kò sí ẹni tó dìde, kò sí iná tó tàn. Ohun tí abẹ́rẹ́ kò lè ṣe láéláé, ìyẹn kí ó dáwọ́ dúró, ni ẹ̀rọ ń ṣe ní ọ̀pọ̀ ìgbà láàárín òru kan.

Àwọn onímọ̀ ti fẹnu kò pé kí ṣúgà ẹni tó ní àtọ̀gbẹ wà láàárín 70 sí 180 mg/dL, èyí tí wọ́n ń kà sí 3.9 sí 10 mmol/L ní Britain, fún ó kéré tán ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún àkókò. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2019 lórí ènìyàn 168, àwọn tó lo Control-IQ fún oṣù mẹ́fà kúrò ní ìdá 61, wọ́n dé ìdá 71. Àwọn tí wọ́n fi wọ́n wé wà lójú kan, ní ìdá 59. Ìyàtọ̀ náà tó wákàtí méjì àbọ̀ lóòjọ́. Ohun tó mú mi gba èsì yìí gbọ́ jù ni pé àwọn tí wọ́n fi wọ́n wé náà ní sẹ́nsọ̀, wọ́n sì ní pọ́ǹpù. Ojú wà lára wọn, ọwọ́ wà lára wọn, àmọ́ ènìyàn ló ń ronú láàárín méjèèjì, ènìyàn sì gbọ́dọ̀ sùn, gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́, gbọ́dọ̀ gbàgbé nígbà mìíràn. Síso àwọn méjèèjì pọ̀ ló mú ìyàtọ̀ náà wá.

Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, pé àwọn tó ní àìsàn yìí lára àti àwọn òbí wọn kò dúró de àwọn ilé iṣẹ́. Ní 2013, John Costik, òbí kan ní ìpínlẹ̀ New York, kọ ètò tó jẹ́ kí òun máa rí nọ́ńbà sẹ́nsọ̀ ọmọ òun láti ibi iṣẹ́. Láti ibẹ̀ ni ètò Nightscout ti jáde fún gbogbo ayé. Ariwo sẹ́nsọ̀ Dana Lewis, obìnrin kan ní Seattle tó ní àtọ̀gbẹ oríṣi kìn-ín-ní, kò lágbára tó láti jí i lóru. Òun àti Scott Leibrand bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà láti mú kí ariwo náà le sí i, wọ́n sì bá a dé ibi tí ẹ̀rọ ti ń pàṣẹ fún pọ́ǹpù. Wọ́n fi ìmọ̀ náà lé ọwọ́ gbogbo ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n pè é ní OpenAPS. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń kóra jọ ni pé àwọn kò dúró mọ́. Ní 2022, ìwádìí kan láti New Zealand lórí irú ètò àfọwọ́ṣe bẹ́ẹ̀ fi hàn pé ó ṣe dáadáa: ìdá 61 di ìdá 71 lọ́dọ̀ àwọn tó lò ó. Mo ka ìtàn wọn sí ọ̀kan lára àwọn ohun tó gbayì jù nínú ìtọ́jú àìsàn lásìkò wa, torí àwọn tí ẹrù wà lórí wọn ló gbé e.

Tó bá kan oúnjẹ, ìwọ̀n náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹni tó ti wọ ẹ̀rọ yìí lè jẹ ohun tó wù ú láìsọ fún un. Rárá o. Ínsúlínì tí a bá fi sábẹ́ awọ kì í yára tó ti páńkíríásì. Ìyára rẹ̀ kò tó ti ẹ̀bà tó ti wọ ikùn. Bí ẹ̀rọ bá dúró títí sẹ́nsọ̀ yóò fi rí i pé ṣúgà ti ń gòkè, ó ti pẹ́. Nítorí náà, ẹni tó wọ ẹ̀rọ àti ẹni tó ń gún abẹ́rẹ́ jọ ní láti ronú kí wọ́n tó fọwọ́ kan oúnjẹ: mélòó ni ṣúgà àti sítáàṣì tó wà nínú àwo yìí?

Ọ̀rọ̀ yìí le fún àwọn ènìyàn wa. Ìdílé Yorùbá tó wà ní Peckham ní England lè ka ẹ̀yìn páálí búrẹ́dì, kí ó sì mọ iye rẹ̀ dé góńgó. Ta ló ń ka ẹ̀yìn àmàlà? Òkèlè ilé kan tóbi ju ti ilé kejì lọ, ìyá kan ń ro tirẹ̀ le, òmíràn ń fi omi sí i dáadáa. Ohun tó lè ran ènìyàn lọ́wọ́ ni kí a gbé àmàlà, ẹ̀bà tàbí iyán tí a máa ń jẹ nílé sórí òṣùwọ̀n, kí a ṣe é fún ìgbà mélòó kan títí ojú yóò fi mọ̀ ọ́n, kí a sì máa wo ohun tí sẹ́nsọ̀ sọ ní wákàtí méjì lẹ́yìn oúnjẹ. Ibi tí ẹ̀rọ ti sàn ju abẹ́rẹ́ lọ ni ibi àṣìṣe. Bí a bá ṣírò àmàlà kù díẹ̀, ẹ̀rọ á rí i, á sì máa fi kún ínsúlínì díẹ̀díẹ̀. Bí a bá ṣírò rẹ̀ jù díẹ̀, á dín ti ẹ̀yìn kù. iLet tilẹ̀ ń béèrè ohun tó rọrùn ju nọ́ńbà lọ: ṣé oúnjẹ yìí tó èyí tí o máa ń jẹ, àbí ó pọ̀ jù ú, àbí ó kéré sí i? Ẹni tí ìṣirò ń dà láàmú lè rí ìsinmi nínú irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Bí nǹkan bá bàjẹ́, abẹ́rẹ́ ń gba iyì rẹ̀ padà. Ẹni tó ti gba ínsúlínì tó ń ṣiṣẹ́ pẹ́ ní àbò kan lára rẹ̀ fún nǹkan bí ọjọ́ kan. Pọ́ǹpù kò fún ènìyàn ní irú àbò yẹn, torí ínsúlínì tó ń yára ṣiṣẹ́ nìkan ló wà nínú rẹ̀. Bí rọ́bà tó wọ abẹ́ awọ bá ká, tàbí tó yọ nígbà tí ọmọ ń ṣeré, láàárín wákàtí mélòó kan ara á ti di òfo, á bẹ̀rẹ̀ sí í jó ọ̀rá, májèlé tí wọ́n ń pè ní kítóònù á sì máa kóra jọ sínú ẹ̀jẹ̀. Èébì, inú rírun, mímí gúlegúle: ẹni tó bá rí wọn gbọ́dọ̀ sáré lọ sí ilé ìwòsàn. Kọ̀ǹpútà náà kò sì kọjá àbùkù. Ní 2024, wọ́n ní láti tún ètò orí iPhone kan ti Tandem ṣe, torí ó ń fa bátìrì pọ́ǹpù gbẹ títí pọ́ǹpù fi ń kú kí ẹni tó wọ̀ ọ́ tó retí, ìpalára tí wọ́n ròyìn sì lé ní 200. Kò sí ikú kankan nínú rẹ̀, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò ṣòro láti rí: ẹni tó wọ ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ mọ abẹ́rẹ́ gbà, kí ó sì ní ínsúlínì àti síríńjì nílé nígbà gbogbo. Ẹni tó mọ abẹ́rẹ́ gbà kò nílò ẹ̀rọ kó tó yè. Ẹni tó ní ẹ̀rọ, bí kò bá mọ abẹ́rẹ́ gbà, ó wà nínú ewu.

Ọ̀rọ̀ yìí ló gbé wa dé Nàìjíríà. Rọ́bà pọ́ǹpù ń béèrè pípààrọ̀ ní ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, sẹ́nsọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan àbọ̀ sí méjì, bátìrì àti fóònù ń fẹ́ iná. Owó àpò ara wọn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ra oògùn níbẹ̀. Ìdílé tó bá rí owó pọ́ǹpù kó jọ lẹ́ẹ̀kan lè má rí ti rọ́bà rẹ̀ ní oṣù kẹta. Pọ́ǹpù tí kò ní rọ́bà kò wúlò fún ohunkóhun, àmọ́ ìgò ínsúlínì àti síríńjì lè gba ọmọ là láìsí iná, láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ooru tún wà níbẹ̀. Ínsúlínì tí a kò tíì ṣí ń fẹ́ ibi tó tutù láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Níbi tí fíríìjì kò ti rí iná, ìkòkò amọ̀ méjì tí a ki bọ inú ara wọn, tí a da yanrìn tútù sí àárín wọn, lè dín ooru kù dáadáa. Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan láti ìhà àríwá Nàìjíríà, gba ẹ̀bùn Rolex fún irú ìkòkò yẹn, tó ṣe nítorí ẹ̀fọ́ àti èso, àwọn onímọ̀ sì ti dán ìkòkò amọ̀ wò fún ínsúlínì. Ìgò ínsúlínì ni a lè gbé sínú ìkòkò. A kò lè gbé pọ́ǹpù tó wà lára ènìyàn síbẹ̀.

Nítorí náà, bí owó ìdílé kan nílé bá lè tó ìdajì ẹ̀rọ alásopọ̀ nìkan, ojú ni kí wọ́n kọ́kọ́ rà, kí ọwọ́ dúró. Sẹ́nsọ̀ tó ń pariwo bí ṣúgà bá ń lọ sílẹ̀ lóru, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tí ìyá mọ̀ ọ́n lò, ti mú apá tó pọ̀ nínú ewu náà kúrò. Kódà kì í ṣe dandan kó wà lára ní gbogbo ọdún. Ọ̀sẹ̀ méjì péré, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, lè fi han dókítà pé ìwọ̀n alẹ́ ti pọ̀ jù, tàbí pé ìrẹsì ọ̀sán ni ó ń gbé ṣúgà gòkè. Àwọn tó ní oríṣi kejì, tí wọ́n pọ̀ jù láwùjọ wa, tí wọ́n sì ń lo ínsúlínì, lè jẹ àǹfààní yìí náà. FDA fọwọ́ sí Omnipod 5 fún irú wọn ní Amẹ́ríkà ní 2024, ṣùgbọ́n n kò rò pé ibẹ̀ ló yẹ kí owó wa kọ́kọ́ lọ.

Ìdí kan tún wà tí ojú yìí fi ṣe pàtàkì fún àwọn tó ti ìlú wa wá ju fún ẹlòmíràn lọ. Àyẹ̀wò HbA1c, tó ń fi ohun tí ṣúgà ti ṣe láàárín bí oṣù mẹ́ta hàn, ara ẹ̀jẹ̀ pupa ló ti ń kà á. Ní Nàìjíríà, bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ni jẹ́nótáìpù ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ AS. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2017 lórí àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà tó lé ní 4,600 fi hàn pé HbA1c àwọn tó jẹ́ AS kéré sí ti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, nígbà tí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn dọ́gba. Ìyàtọ̀ náà tó nǹkan bí ìdá 0.3. Lọ́dọ̀ àwọn tó jẹ́ SS, a kò lè gbẹ́kẹ̀ lé àyẹ̀wò yẹn rárá. Sẹ́nsọ̀ kò ka ẹ̀jẹ̀ pupa, jẹ́nótáìpù ẹni kò sì yí ohun tó ń rí padà.

Ẹ fi èyí sọ́kàn kí ẹ tó gbọ́ ohun tó kàn. Ní oṣù kejìlá ọdún 2023, àjọ NICE ní England fọwọ́ sí i pé kí NHS, ètò ìlera ìjọba níbẹ̀, máa fún àwọn tó ní àtọ̀gbẹ oríṣi kìn-ín-ní ní ẹ̀rọ alásopọ̀. Àwọn ọmọdé wà nínú rẹ̀, aláboyún àti ẹni tó ń múra láti lóyún wà nínú rẹ̀. Àgbàlagbà tí ṣúgà rẹ̀ ń já wálẹ̀ lọ́nà tó ń dí i lọ́wọ́, tàbí tí HbA1c rẹ̀ bá jẹ́ 58 mmol/mol, ìyẹn ìdá 7.5, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Pínpín rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní England ní oṣù kẹrin 2024, wọ́n sì là á sí ọdún márùn-ún. Àgbàlagbà tó jẹ́ AS, tí àyẹ̀wò rẹ̀ jẹ́ ìdá 7.3, lè ti kọjá àlà yẹn láìjẹ́ pé ìwé fi hàn. Bẹ́ẹ̀, ní Amẹ́ríkà àti ní Britain, ó ti hàn nínú ìwádìí lórí ìwádìí pé àwọn aláwọ̀ dúdú kì í rí sẹ́nsọ̀ àti pọ́ǹpù gbà tó àwọn aláwọ̀ funfun tí àìsàn wọn jọra.

Èrò tèmi nìyí. Níbi tí ìpèsè kò ti ní já, ẹ̀rọ alásopọ̀ sàn ju abẹ́rẹ́ ọwọ́ lọ, òru nìkan tó láti fi ṣe ẹ̀rí, òbí tó bá sì kọ̀ ọ́ nítorí pé kò fẹ́ kí wọ́n rí nǹkan lára ọmọ òun ń fi ohun púpọ̀ san owó ìtìjú díẹ̀. Níbi tí ìpèsè lè já, abẹ́rẹ́ tí a mọ̀ dáadáa, ínsúlínì tí kì í tán, àti sẹ́nsọ̀ nígbà tí agbára bá gbé e, ló sàn jù.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní England, ẹ béèrè ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ àwọn tó ń tọ́jú yín, ẹ sọ jẹ́nótáìpù yín fún wọn, kí ẹ sì ní kí wọ́n wo àkọsílẹ̀ sẹ́nsọ̀ yín pẹ̀lú HbA1c. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ẹrù ránṣẹ́ sílé láti òkè òkun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi pọ́ǹpù tí ẹ ti lò ránṣẹ́ sí ọmọ ẹ̀gbọ́n yín láìní ètò fún rọ́bà rẹ̀ ní oṣooṣù. Ẹ bi dókítà ọmọ náà ohun tó kù tí kò rí rà. Bí ó bá sọ pé sítírípù ni, ẹ rà á, kí ẹ sì máa rà á ní oṣooṣù.